Ọkọ̀ Ẹlẹ́wìrì Méjì

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí nígbà náà, ó ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, òórùn bẹntiróò sì ti gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé bàbá wa ní Àrámọkọ. Kì í ṣe òórùn bẹntiróò nìkan. Òórùn kòkó tí aládùúgbò wa sá sí etí ọ̀nà wà nínú rẹ̀, àti òórùn èédú tí kò tíì kúrò nínú ulé àgbẹ̀dẹ láti ọjọ́ tí bàbá ti gbé òòlù rẹ̀ kalẹ̀. Ulé ni mo kọ yẹn, kì í ṣe àṣìkọ. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá ń pè é, n kò sì ní tún un ṣe fún un mọ́.

Abẹ́ òrùlé páànù tí bàbá ti ń rọ ọkọ́ àti àdá ni àbúrò mi ọkùnrin gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí. Ọkọ̀ eré ni, pupa, onílẹ̀kùn méjì, ó sún mọ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí adìẹ fi ń fò sórí rẹ̀ láìjanpata. Àlòkù tó ti òkè òkun wá ni, irú èyí tí àbúrò mi ti ń lálàá rẹ̀ láti ìgbà èwe, òun fúnra rẹ̀ ló sì wà á wálé láti Èkó. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní písítìnnì tó ń lọ sókè sódò bíi ti ọkọ̀ tèmi àti tiyín. Irin onígun mẹ́ta ló ń yí po nínú rẹ̀. Ó wá ní tọ́bò méjì. Èéfín tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ló ń yí wọn, àwọn náà á sì máa fẹ́ atẹ́gùn padà sínú iná. Nígbà tí àbúrò mi ń ṣàlàyé èyí, bàbá bú sẹ́rìn-ín, nítorí méjì méjì ni ẹwìrì tí alágbẹ̀dẹ fi ń fẹ́ná máa ń jẹ́: bí ọwọ́ ọ̀tún bá ti tẹ ọ̀kan, ọwọ́ òsì á tẹ èkejì.

"Ẹwìrì nìyẹn kẹ̀!" ni bàbá wí. "Ẹ̀yin lẹ wá ń pè é ní tọ́bò."

"Ẹwìrì ni, Baba. Mo sì fẹ́ kó máa fẹ́ ju báyìí lọ. Mo fẹ́ fi kún agbára ẹṣin rẹ̀."

"Ẹṣin! Ta ní ń gé koríko fún wọn?"

A rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀ ni bàbá sọ ohun tí ó ń fẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà ní Ẹ̀fọ̀n, òun nìkan ló ṣẹ́ kù nínú àwọn tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà. Ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí ìyá náà lè wá, ẹsẹ̀ kò sì jẹ́ kí bàbá lè lọ. Nígbà tí bàbá wà ní ọ̀dọ́, bí ọkọ̀ akẹ́rù bá dé ìdí òkè Ẹ̀fọ̀n, ọmọ ọkọ̀ á kígbe pé kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀, wọn á fi ẹsẹ̀ gun òkè, ọkọ̀ á sì máa kérora tẹ̀ lé wọn. Bàbá ní òun fẹ́ jókòó gun òkè yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí òun tó kú, kí ẹ̀gbọ́n òun rí òun bí òun ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ọmọ òun.

Mo ní kí bàbá jẹ́ kí n fi ọkọ̀ tèmi gbé wọn lọ lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n wo ọkọ̀ mi láti òkè délẹ̀.

"Èyí? Ká tún bọ́ sílẹ̀ ká máa tì í?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pinnu pé ti àbúrò mi làwọn yóò dúró dè.

Àbúrò mi kì í ṣe aláìfarabalẹ̀, mo fẹ́ kí èyí yé yín dáadáa. Ó ní àwọn tó máa ń ba irú ẹ́ńjìnnì yẹn jẹ́ ni àwọn tó ń kọ́kọ́ wá agbára. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Nítorí náà ó tú u palẹ̀, ó ní òun yóò kọ́kọ́ pààrọ̀ rédíétọ̀ sí èyí tó tóbi, lẹ́yìn náà ohun tí ń mú ọ́ìlì tutù, lẹ́yìn náà ohun tí ń mú atẹ́gùn tutù kó tó wọ inú iná. Lẹ́yìn ìyẹn ni epo, kó má baà dín nígbà tí atẹ́gùn bá pọ̀, nítorí irin onígun mẹ́ta yẹn ní àwọn etí tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń fọ́ bí iná bá bú gbàù lásìkò tí kò yẹ. Ìkẹyìn pátápátá ni yóò fún àwọn tọ́bò láyè láti fẹ́ sí i. Òkun ni gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀ wọ̀nyí ń gbà wá. Bí ọ̀kan bá dé, òmíràn á wà lọ́nà.

Bàbá gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà lójoojúmọ́. Nígbà tí ọkọ̀ náà tún ń ṣiṣẹ́, tí àbúrò mi rọra wà á dé Ìlogbò tó sì padà, bàbá ti wọ bùbá rẹ̀ tó dára jù, ó ń dúró.

"Ṣé kò tíì tó?"

"Ó ku díẹ̀, Baba. N kò tíì wọn epo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Bí mo bá fipá mú un lórí òkè báyìí, ó lè jó."

Inú mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n bàbá mi orí. Ní ulé àgbẹ̀dẹ wa, irin tí kò tíì tutù kì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Oníbàárà ì báà jẹ́ ọba, yóò jókòó dúró. Bàbá ló fi òfin náà kọ́ wa láti kékeré. "Ó ṣeun," ni wọ́n wí fún àbúrò mi. "Má mú irin gbígbóná jáde." Wọ́n wọlé, wọ́n bọ́ bùbá náà, wọ́n ká a.

Òjò àkọ́rọ̀ kò tíì rọ̀ tán nígbà tí bàbá sùn tí wọn kò jí. Ẹ̀yà tó kẹ́yìn dé láti Èkó kí a tó sin wọ́n. Àbúrò mi wọ abẹ́ òrùlé páànù yẹn, ó sì parí iṣẹ́ náà bó ti yẹ, láìfo ohunkóhun.

Bàbá ti ní kí a sin òun sí Ẹ̀fọ̀n, nílé ìyá wọn. Ọkọ̀ òkú ṣáájú, ó gba Ìtàwúrẹ́ lọ, ó ń rìn bí ẹni ń ka ilẹ̀, ọkọ̀ pupa sì ń tẹ̀ lé e. Mo jókòó ti àbúrò mi. Gbogbo agbára tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹn, kò lò ju ìwọ̀nba tí kẹ̀kẹ́ ológeere lè lò. A gun òkè náà láìdúró. Ọwọ́ géèjì tó ń wọn ooru ẹ́ńjìnnì kò mì. Ẹnikẹ́ni kò bọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí a dé, ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Ó ti kọ́ mi tẹ́lẹ̀ pé ẹ kì í pa ọkọ̀ onítọ́bò ní kété tó bá ti gun òkè, ẹ máa ń jẹ́ kó mí ná. Àwọn ará ilé rò pé ohun tó ń dúró dè nìyẹn. Omijé ló ń dà lójú rẹ̀. Wọ́n fa ẹ̀gbọ́n bàbá lọ́wọ́ jáde. Ìyá náà gbé ọwọ́ lé iwájú ọkọ̀ tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, ó ní, "Ṣé èyí ló ránṣẹ́ sí mi pé òun yóò bá wá?"

Àbúrò mi sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú rẹ̀. "Òun ni, Màmá."

Ọdún ti gorí ọdún. Ọkọ̀ náà ṣì ń ṣiṣẹ́, kò jó, kò fọ́, nítorí a tọ́jú rẹ̀ bó ṣe tọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi kún agbára ọkọ̀, mo máa ń ní kó lọ bá àbúrò mi kọ́ sùúrù. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi níjọ́ kan pé bí ọkọ̀ náà ṣe rí nígbà tó ti Èkó dé, kí òun tó fọwọ́ kan nǹkan kan lára rẹ̀, ìbá gun òkè Ẹ̀fọ̀n láìmí hẹlẹ. Mo kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jẹ́ kí irin yín tutù kó tó jáde, òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà kan bá ti wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ fi ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ gbé e lọ.