Èmi Ni Mo Ra Rédíò Yẹn!

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ro ẹjọ́ tí wọn ò jẹ́ kí n rò tán nígbà náà lọ́hùn-ún. Inú ń bí mi! Mo ti darúgbó, eyín ti ń tán lẹ́nu mi, síbẹ̀ inú ń bí mi nítorí rédíò. N ò mọ ìwé, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má bá mi fi ṣúgà sí i.

Kí ló tún ru ọ̀rọ̀ yìí sókè? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ẹni tó ń bá mi kọ̀wé yìí ra fíríìjì. Owó aṣọ tó ń rán ló fi rà á, ojú mi ló ṣe kó o jọ. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ wá kí i kú ìnáwó, ọmọ náà kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní ọkọ òun ló rà á. Háà! Mo ní, ọmọ yìí, ṣé o mọ ohun tí o fi ẹnu ara rẹ ṣe báyìí?

Kò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀ nígbà tèmi.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí a gba òmìnira. Bẹ́yẹrúnkà ni ilé ọkọ mi, mo sì ń ta gbàǹja ní Ọjà'ba, nísàlẹ̀ Mápó. Àwọn Gàm̀bàrí ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi, torí náà mo gbọ́ Haúsá dáadáa. Èmi ni ìyàwó kejì. Ọkọ wa ń fi awọ ṣe bàtà àti àpò, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kò lówó ṣùgbọ́n kò láriwo.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, wà ní Kùmáásì, ní ilẹ̀ Gánà, ó ń ṣòwò níbẹ̀. Rájí lorúkọ rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti relé ọkọ, n ò fojú kàn án mọ́. Kí ni n ó fi máa gbúròó ibi tó wà? Asọ̀rọ̀mágbèsì tí wọ́n fi wáyà fà wọ ilé àwọn olówó ládùúgbò, ìlú wa níhìn-ín nìkan ló ń sọ. Àfi ìgbà tí Gàm̀bàrí kan sọ fún mi pé rédíò alágbèéká ti dé, bátìrì ló ń lò, ó ń gbọ́ Gánà, wọ́n sì ń fi Haúsá ka ìròyìn níbẹ̀. Oorun dá lójú mi!

Mo tọ́jú owó títí ó fi pé. Èmi àti ìyálé mi la jọ lọ sí Gbági lọ rà á. Ẹ bá mi fi ibẹ̀ yẹn sọ́kàn o: àwa méjèèjì la jọ lọ.

Ọlọ́jà náà fa irin gígùn kan yọ lórí rédíò, ó yí ojú rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó ń pariwo ṣíẹ̀ẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn da omi sínú epo gbígbóná. Ló bá di pé ẹnì kan fi Haúsá kí wa láti inú rẹ̀! Mo yáa kúnlẹ̀, mo dá a lóhùn. Ìyálé mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú. Ó ní ṣé n ó tún bá a ná gbàǹja ni?

Ojú ọ̀nà la wà tó fi bi mí pé kí ni n ó sọ tí a bá délé. Ẹ ò rí i, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ìyàwó kì í ní ohun tí ọkọ ò ní, kó wá máa gbé e kiri. Tí o bá rà á, fi ọkọ rẹ bo ara rẹ. Ọkọ tí ìyàwó ra rédíò níṣojú rẹ̀, ẹnu ayé á ha á bí ọ̀bẹ ṣe ń ha iṣu.

Bí a ṣe wọlé, mo gbé e lọ sí pálọ̀ ọkọ wa, mo kúnlẹ̀. Nígbà tí èèyàn wá ń wọ́ wá wò ó, mo ní, "Bàbá ló rà á o! Bàbá ló ṣe wá lóge!" Wọ́n ń kí i kú ìnáwó, ó ń dáhùn. Nígbà tó ku èmi àti òun, ó ní mo ṣeun, mo bo òun láṣìírí. Ó mú awọ pupa tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó rán èwù fún rédíò mi. Gbogbo agboolé ló rí i níbi tó ti ń rán an.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí. Nínú agboolé wa, obìnrin kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀. Irin gbígbóná la fi ń jó o sára igbá, ọmọrí ìkòkò, àpótí ìjókòó, kí ti lágbájá má baà pa pọ̀ mọ́ ti làkáṣègbè. Ìlà méjì tó dábùú ara wọn ni tèmi. Kò sí ohun tí mo ní tí kò sí lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n rédíò ńkọ́? Ta ló máa fi àmì obìnrin sára ohun tó wà ní pálọ̀ ọkọ? Ojú tì mí láti ṣe é.

A gbádùn rẹ̀ o, n ò ní purọ́. Lẹ́yìn ìrun Màgàríbì, ọkọ mi á ní kí n wá tún un yí síbi tí Gánà wà. Tí wọ́n bá ti dárúkọ Kùmáásì báyìí, á na ọwọ́ sókè, á ní, "Ẹ dákẹ́ jàre, wọ́n ń pe ilé àna mi!" Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ti ní àlàáfíà wà níbẹ̀, èmi náà á sùn.

Ọdún mélòó kan kọjá, ọkọ mi kú. Kí Ọlọ́run forí jì í.

Mo wọ opó. N ò lè jáde, n ò lè rọjà. Lẹ́yìn àdúà ogójì ni wọ́n pé jọ láti pín ogún. Mọ́gàjí tó jẹ́ olórí agboolé jókòó, àwọn àgbà jókòó. Àbúrò ọkọ mi náà wà níbẹ̀. Bàbá Kékeré ni mò ń pè é, a kì í pe orúkọ ẹni tí a bá nílé ọkọ. Wọ́n fún ọmọ ìyálé mi ní kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀. Wọ́n pín agbádá. Ni Bàbá Kékeré bá na ọwọ́ sí rédíò mi, ó ní èyí ni òun á fi máa rántí ẹ̀gbọ́n òun.

Ìrántí kẹ̀! Mo ní ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákun, owó gbàǹja ni mo fi ra èyí.

Wọ́n wò mí. Bàbá Kékeré bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ṣé kì í ṣe ẹnu yín yìí náà lẹ fi sọ fún mi pé Bàbá ló rà á? Níwájú ilé níbí yìí! Ṣé èmi ni mo fẹ́ gbàgbé ni? Ẹ tún ń jó bí ẹ ṣe ń sọ ọ́!"

Àwọn yòókù ní àwọn náà gbọ́ ọ. Ẹlòmíràn ní ojú òun ni ẹ̀gbọ́n ṣe rán awọ rẹ̀. Mọ́gàjí bi mí bóyá mo ní ẹlẹ́rìí.

Mo yíjú sí ìyálé mi. Obìnrin tí a jọ lọ! Tó dìbàdí mú ní Gbági! Ó ń fi èékánná họ ẹní, kò gbójú sókè. Mo pè é. Ẹní náà ló ṣì ń họ. Ṣé ẹ rí ayé?

Mọ́gàjí ní ọ̀rọ̀ ti parí, kí Bàbá Kékeré máa gbé e.

Mo dìde, mo gba rédíò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wọn pariwo. Mo ní ẹ má pariwo, rédíò Bàbá ni, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n bátìrì inú rẹ̀ ńkọ́? Ta ló ń lọ ra bátìrì l'Ọ́jà'ba? Ta lẹ ń rí tó ń sá a sóòrùn lórí ògiri? Ta ni mo sọ fún rí pé Bàbá ló ra bátìrì? Mo ṣí ẹ̀yìn rédíò, mo tú bátìrì mi sínú ìró opó tí mo ró, mo sì da òkú rẹ̀ padà fún un.

Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó yá mo bi ìyálé mi pé kí ló dé tó fi ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé kí n wá sọ níwájú àwọn èèyàn rẹ̀ pé òkú purọ́ ni? Ó gba ìkíni yẹn o."

Kò pẹ́ sí i, ariwo gba ìgboro. Wọ́n ní ìjọba Gánà ti lé gbogbo àlejò, kí wọ́n kó ẹrù wọn. Àwọn kan ní wọ́n ń lu èèyàn, àwọn kan ní ọ̀pọ̀ ti kú lójú ọ̀nà. Rájí mi ńkọ́? Ta ni n ó bi, èmi tí mo wà nínú opó?

Mo fi ìtìjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo kó bátìrì mi, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà Bàbá Kékeré, mo kúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá mi ṣí Gánà díẹ̀. Ó gba bátìrì lọ́wọ́ mi, ó ní kí n dúró lójú fèrèsé, opó kì í wọ yàrá òun. Mo dúró síta bí àlejò, mò ń gbọ́ rédíò mi láti ojú fèrèsé! Ìròyìn Haúsá bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ Kùmáásì, ló bá yí i kúrò. Ó ní orin wà níbòmíràn. Mo ní ẹ jọ̀wọ́, Bàbá Kékeré. Ó ní rédíò òun ni.

Mo fi ẹkún sùn. Bátìrì yẹn náà, mi ò rí i gbà mọ́.

Ọlọ́run ò gbàgbé mi. Rájí wọlé kí n tó bọ́ opó, àpótí kan ló gbé dé, ó rù kan egungun. A di mọ́ra wa, a sunkún. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí mo ṣe ń dì mọ́ ọn, inú ṣì ń bí mi?

Ọjọ́ tí mo ní kí n jáde lẹ́yìn opó, Gbági ni mo kọ́kọ́ lọ. Èmi àti Rájí. Mo ra rédíò mìíràn tó ní èwù awọ tirẹ̀, mo ní kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀ lọ. Bí a ṣe dé Ọjà'ba, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi pariwo. Wọ́n kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n Gánà, ẹ kú ìnáwó o! Ẹ ti ṣe àbúrò yín lóge!"

Rájí rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkùnrin tó dé láìní nǹkan kan lọ́wọ́! Ó la ẹnu, ó fẹ́ sọ pé a dúpẹ́. Ó sì ń wò mí, pé kí n bo òun.

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀.

Mo gbé rédíò sílẹ̀ láàárín ọjà. Mo ní, "Èmi ni mo rà á! Owó gbàǹja mi ni! Ẹ bá mi wò ó dáadáa, kí ẹ lè jẹ́rìí!"

Ojú ti Rájí, kò bá mi sọ̀rọ̀ délé. Bí mo ṣe wọlé, mo ki irin bọ iná, mo jó ìlà méjì tó dábùú ara wọn sára awọ rẹ̀. Òórùn awọ tó ń jó gba gbogbo ilé, Bàbá Kékeré jáde wá wò mí. N ò kí i. Lẹ́yìn Màgàríbì, Rájí ló rọra wá jókòó tì mí, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n yí i sí Gánà, òun fẹ́ gbọ́ ilé.

Rédíò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Kò sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àmì mi ò pa.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ bu ọlá fún ọkọ yín, n ò ní kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá fi owó yín rà, ẹ má fi ẹnu yín fún ẹlòmíràn. Ọlá tí ẹ fi bo ọkọ lónìí, àwọn èèyàn rẹ̀ lè fi dè yín lọ́la, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní í sí láyé láti tú yín.

Mo ti fún ọmọ oní-fíríìjì ní irin mi. Ó ń wò mí, ó ń wo irin náà.

Ṣé irú èyí ti ṣe ẹnì kan rí nínú yín? Kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín, ẹnu ta ni wọ́n sì fi gbà á? Ẹ sọ ọ́ síbí, wọ́n á kà á sí mi létí. Ẹ má bò wọ́n láṣìírí!