Ọjọ́ tí Doña Fidelia Bá Ọmọ Rẹ̀ Lọ Wo Òkun

Ẹnu Gaspar Cupul dùn ju oyin lọ. Èmi Nemesio tí mò ń wa ọkọ̀ fún un láti ọdún pípẹ́ wá ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Bí oòrùn Cobá, ahoro ìlú àwọn baba ńlá wa, bá ti mú àwọn àlejò débi pé wọn ò fẹ́ rí òkúta kankan sójú mọ́, Gaspar á ṣí ẹnu, á ní ọba tó kọ́ òkìtì gíga tí wọ́n ń wò yẹn bẹ̀rù ìyàwó rẹ̀ ju ogun lọ, ìdí nìyẹn tó fi kọ́ ilé sókè réré kí ohùn obìnrin náà má bàa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún dìde. Ta ló mọ̀ bóyá òótọ́ ni? Òkúta kì í bá èèyàn jiyàn.

Ọmọ San Román ni Gaspar, abúlé kékeré kan lẹ́bàá títì tó lọ sí Cobá. Kò tíì rìn dáadáa tí baba rẹ̀ fi kú. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo abúlé ń fi ọ̀wọ̀ pè ní Doña Fidelia, ló fi abẹ́rẹ́ àti òwú tọ́ ọ dàgbà. Ó ń fi òwú ṣe òdòdó sí ọrùn ìpil, aṣọ funfun tí àwọn obìnrin wa ń wọ̀, títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì. Owó aṣọ yẹn ni Gaspar fi kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, òun náà ló fi gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ afinimọ̀nà. Ní San Román, bí ọmọ ẹnì kan bá ń ya ọ̀lẹ, orúkọ Gaspar ni wọ́n fi ń bá a wí.

Àmọ́ ẹnu dídùn náà ní àrùn tirẹ̀. Bí a bá ti kúrò létí òkun Tulum ní ìrọ̀lẹ́, Gaspar máa ń gbé fìlà rẹ̀ kiri inú ọkọ̀, ohun tí àwọn àlejò bá sì fi ta wá lọ́rẹ ni àwa méjèèjì ń pín. Lọ́jọ́ kan, òjò rọ̀ láti àárọ̀. Gbogbo àlejò ló rin gbingbin, inú sì ń bí wọn sí òjò, sí ọkọ̀, sí àwa náà. Obìnrin kan, kó má bàa jẹ́ pé òun ò sọ nǹkan kan, bi Gaspar pé, "Inú ìyá rẹ á máa dùn sí ọ gan-an, àbí?" Mi ò mọ ohun tó ta sí Gaspar lórí. Ó ní Fidelia ìyá òun ti kú. Ó ní òkun ló gbé e lọ lọ́jọ́ ìjì ńlá, níbi tó ti ń wá òun kiri etí omi nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Obìnrin náà bú sẹ́kún, fìlà sì kún.

Ẹ gbọ́ o, Doña Fidelia ò tíì fi ojú kan òkun rí láyé rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń fẹnu pa ìyá rẹ̀. Ó wá di ẹ̀fẹ̀ láàárín wa. Bí a bá ti ń súnmọ́ Tulum, màá ní, "Gaspar, ṣé a máa sin màmá lónìí?" Á yọjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀, á ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ojú wọn ná, Don Neme. Tí wọ́n bá lawọ́, ẹ jẹ́ kí màmá sinmi." A ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò nírònú.

Ìyá tí à ń sin lójoojúmọ́ yìí, ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó fẹ́ kó mú òun dání lọ́jọ́ kan. Àwọn aládùúgbò ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ń fi ilé àwọn baba ńlá wa han gbogbo ayé, àmọ́ ìyá tó bí i ò mọ̀ ju ojúde ara rẹ̀ lọ. "Òkúta kọ́ ni mo fẹ́ wò," ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà kan. "Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn ni mo fẹ́ rí." Gaspar ò yéé yẹ̀ ẹ́. Lónìí ọkọ̀ kún, lọ́la oòrùn ti mú jù, lọ́túnla orúnkún yín ńkọ́, Màmá? Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, tí àlejò wọ́n bí ojú, àyè ṣófo nínú ọkọ̀, àwáwí sì tán. A dé San Román láàárọ̀, a bá Doña Fidelia lẹ́bàá títì nínú ìpil tuntun, ó gbé apẹ̀rẹ̀ tamale, oúnjẹ àgbàdo wa tí a ń fi ewé wé, dání, ó sì ta aṣọ bò ó.

Gaspar sún mọ́ etí mi kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. "Don Neme, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò ní dárúkọ ikú lónìí rárá."

"Ìwọ lo ni ẹnu," ni mo fi dá a lóhùn, "ìwọ náà lo ni ìyá."

Àlejò mẹ́jọ péré ló wà nínú ọkọ̀. Obìnrin ará Kánádà kan tó ń jẹ́ Lorraine jókòó sí iwájú pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ó gbé páálí fẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan lé itan. Bí Doña Fidelia ṣe ń wọ ọkọ̀, Lorraine bi Gaspar ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé, "Ta ni màmá arẹwà yìí?" Mo ń wo ojú Gaspar nínú dígí. "Màmá mi" ti wà létí ètè rẹ̀ nígbà tí Lorraine fi kún un pé, "Ó jọ pé o ò rántí wa. A bá yín rìn lọ́dún tó kọjá. Gbogbo wa la sunkún ìyá rẹ."

Ẹnu Gaspar yí padà kíá. "Àbúrò ìyá mi ni," ó ní.

Doña Fidelia, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, rẹ́rìn-ín sí wọn, ó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ní Cobá, èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú wọlé. Gbogbo ibi tí Gaspar bá dúró sí, òun náà á dúró, á na etí. Bí àwọn àlejò bá rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá pàtẹ́wọ́, tirẹ̀ ló máa ń pẹ́ jù. "Neme, kí ló sọ tó dùn mọ́ wọn báyẹn?"

"Ó ní ọba bẹ̀rù ìyàwó rẹ̀, Màmá."

"Irọ́ gbuu! Ọmọ yìí! Ta ló sọ fún un?" Ó fi ìborùn bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wá fà mí lápá. "Wo bí gbogbo wọn ṣe ń wo ẹnu rẹ̀. Èmi ni mo bí ẹnu yẹn o, Neme."

Ká sọ tòótọ́, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Mi ò lè wo ojú rẹ̀ mọ́, mo ń wo bàtà mi.

Ọ̀sán ti pọ́n tán nígbà tí a dé Tulum. A wo ògiri àtijọ́ tó wà lórí àpáta, a sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi. Koríko òkun pọ̀ létí omi lọ́jọ́ náà, ó pọ́n bí ìpẹtà, ó sì ń rùn. Àmọ́ Doña Fidelia ò rí koríko. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé etí aṣọ sókè, ó rìn títí omi fi kan ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ó tóbi o," ó ní. Ó ti ìka bọ omi, ó tọ́ ọ wò, ó yínmú. "Ẹni tó se èyí, iyọ̀ ti yí dà nù mọ́ ọn lọ́wọ́." Gaspar rẹ́rìn-ín, ara tù ú. Mo rò pé a ti bọ́.

Lorraine ló pe gbogbo wa jọ. Ó ṣí páálí rẹ̀, ó gbé òdòdó aṣọ ńlá kan jáde tí wọ́n so yípo bí òṣùká, tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ tí wọ́n kọ nǹkan sí wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè Sípéènì, èdè tí gbogbo wa ń gbọ́, tí Doña Fidelia náà ń gbọ́. "Gaspar, gbogbo ìgbà òtútù ni mo fi kọ́ èdè yìí, kí n lè fi sọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí."

Gaspar ní, "Madame, ẹ jẹ́ ká gbé e sínú ọkọ̀ ná, omi ò mọ́ lónìí."

"Rárá, rárá. Ibí yìí ló ti ṣẹlẹ̀." Ó gbé òdòdó sókè, ó ka ohun tó wà lára rẹ̀ sókè ketekete. "Fidelia, ìyá Gaspar. Òkun gbé ọ lọ, a ò gbàgbé rẹ." Ó wá yíjú sí Doña Fidelia, ó dì mọ́ ọn, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, Màmá. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n yín ń wo ọmọ rẹ̀ láti ọ̀run, inú rẹ̀ sì ń dùn."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Gaspar fi ọwọ́ bo ẹnu tó ń bọ́ wa. Ojú tì í, ojú tì mí, ká ní ilẹ̀ lè là ni, à bá jọ wọ ibẹ̀. Doña Fidelia wo ọmọ rẹ̀ lókè ejìká obìnrin tó dì mọ́ ọn. Ó sọ̀rọ̀ ní èdè Maya, tó jẹ́ pé àwa mẹ́ta nìkan la gbọ́ ọ.

"Ṣé èmi ni wọ́n gbé òdòdó yìí wá fún?"

Gaspar kàn sorí kọ́.

Gbogbo àlejò ń wo obìnrin náà. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kó sọ, iṣẹ́ Gaspar á tán, orúkọ rẹ̀ á bàjẹ́ ní gbogbo ilé ìtura etí òkun. Ó nu ojú Lorraine pẹ̀lú ìborùn rẹ̀. Ó wá sọ ní èdè Sípéènì tirẹ̀ tí kò já geere, "Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn òdòdó gan-an. Obìnrin dáadáa ni."

A máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹ̀sín ọmọ ni, ìyá ló gba ikú.

Lorraine gbé òdòdó fún Gaspar pé kó gbé e fún òkun. Ó wọ inú omi tòun ti ṣòkòtò, ó gbé e lé omi. Koríko gbá a mú, ìgbì sì tì í padà wá sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tún tì í lọ. Ó tún padà. Ọkọ Lorraine ṣí fìlà lórí. Doña Fidelia dúró létí omi, ó ká ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn.

"Tì í dáadáa," ó sọ fún un ní èdè wa, láìgbé ohùn sókè. "Má jẹ́ kí n padà wá."

Gaspar rìn wọ omi títí ó fi dé àyà rẹ̀ kí òdòdó náà tó lọ.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, Doña Fidelia ṣí apẹ̀rẹ̀, ó pín tamale fún gbogbo ọkọ̀. Ó fún Gaspar náà. "Jẹun," ó ní. Gaspar gbà á, kò lè jẹ ẹ́, ó kàn dì í mú bí ẹyin. Kò gbé fìlà kiri lọ́jọ́ náà.

Mo dá ọkọ̀ dúró ní San Román. Gaspar bá ìyá rẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó wólẹ̀ sẹ́bàá títì níbẹ̀, eruku sì lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò tútù náà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ dárí jì mí."

"Dìde, àwọn èèyàn ń wò ọ́." Ó gba apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "O ṣeun tí o mú mi rí òkun, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi."

Lorraine yọ orí lójú fèrèsé. "Ó dàbọ̀ o, àǹtí Gaspar!" Doña Fidelia juwọ́ sí i, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Gaspar padà sínú ọkọ̀. Ó mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó fẹ́ kí wọn pé ẹ kú ìrìn, ẹkún ló jáde. Ó sunkún bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sọ́jà. Lorraine dìde, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. "Pẹ̀lẹ́, Gaspar, pẹ̀lẹ́," ó ní. "Ikú ìyá ò rọrùn."