Abdulmojeed Dọ̀bálẹ̀ ní Ìwó Road

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógójì náírà ni Abdulmojeed jẹ Àpínkẹ́, obìnrin tó ń fọwọ́ wọ́ ara fún àwọn tí ìrora dá dùbúlẹ̀ l'Ágbowó. Ẹ̀yìn ló sọ ọ́ di onígbèsè.

Takisí ló ń wà láti Bódìjà sí Ìwó Road, ó ti lé lógún ọdún, àga ọkọ̀ sì ti ba ẹ̀yìn náà jẹ́. Kò ṣeé tẹ̀. Ní mọ́ṣáláṣí, orí àga ló ti ń kírun láàárín àwọn arúgbó. Nígbà tó lọ kí Alàájì Oyèkànmí, alága ẹgbẹ́ awakọ̀ wọn, ní ọdún Iléyá, òòró ló dúró kí i bí òpó iná. Alàájì ò gbàgbé.

Ẹgbẹ́ náà ní àpò ìlera. Oògùn ìrora ni àpò yìí ń bá a san, oògùn ọ̀hún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ikùn rẹ̀ lu kí dókítà kan ní Ring Road tó figbe ta: "Bàbá, ẹ dín oògùn yìí kù! Ẹ lọ máa wọ́ ẹ̀yìn yẹn, kẹ́ ẹ sì máa rìn." Ó kọ ọ́ síwèé fún un. Muslimah ìyàwó rẹ̀ ló mú un lọ sọ́dọ̀ Àpínkẹ́. Obìnrin náà ń wọ́ ọ, ó ń kọ́ ọ bí yóò ṣe máa na ara láàárọ̀, ó sì ń ṣe é láwìn. Ṣùgbọ́n onílé kì í gba àwìn lọ́wọ́ Àpínkẹ́. Obìnrin náà ní bí gbèsè yẹn ò bá wọlé, òun ò ní lè wọ́ ọ mọ́. Bí ìwọ́ra bá sì dúró, ọkọ̀ dúró nìyẹn, oúnjẹ dúró.

Ni Abdulmojeed bá gbé àbá lọ sípàdé ẹgbẹ́ lẹ́yìn gáréèjì: kí àpò ìlera máa san owó ìwọ́ra fún ẹnikẹ́ni tí dókítà bá kọ ọ́ fún.

"Kí obìnrin máa fọwọ́ pa ọ́ lẹ́yìn, kí àwa máa sanwó?" Godswill akápò ló sọ bẹ́ẹ̀. Ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi ni mo mú un lọ," Muslimah tó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ wá dáhùn. "Bó bá jẹ́ owú ni, ẹ jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ná."

Alàájì ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. "Oògùn àti abẹ́rẹ́ ni òfin wa mọ̀. Bá a bá fi ìwọ́ra kún un, lọ́la wọ́n á ní ká máa san owó irun dídì."

Abdulmojeed dìde. Ó bọ́ sáàárín ilé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde, dìde!" Alàájì wí. "A kì í fi ẹ̀bẹ̀ yí òfin. Owó ò sí."

"Ẹ̀bẹ̀ kọ́ o, Alàájì," ó dáhùn látorí símẹ́ńtì. "Ẹ ṣáà máa wò mí."

Ó dìde, kò di ẹnikẹ́ni mú. Ó tún dọ̀bálẹ̀. Ó tún dìde. Ta ni kò mọ ọkùnrin tó ń kírun lórí àga?

"Iléyá yẹn wá ńkọ́?" Alàájì béèrè.

"Ká ní mo dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ náà, Alàájì, ǹ bá ṣì wà nílẹ̀ pálọ̀ yín dòní."

Ẹ̀rín gbọn Alàájì. "Ìgbéraga ni mo pè é! Mo ti ń bínú sí ọ látìgbà náà." Ó wá rọra fọwọ́ pa eékún ara rẹ̀. "Obìnrin yẹn... ṣé ó ń wọ́ eékún?"

Godswill ṣírò ó: oògùn oṣù kan wọ́n ju ìwọ́ra oṣù kan lọ, ká má tíì dárúkọ owó ìtọ́jú ikùn. Wọ́n fẹnu kò pé ẹni tó bá mú ìwé dókítà wá, ẹgbẹ́ á san ìdajì, òun náà á san ìdajì, torí ọ̀fẹ́ kì í pẹ́ tán nílẹ̀. Wọ́n ka gbèsè Abdulmojeed mọ́ ọn. Muslimah kó àjọ rẹ̀, ó fi dí èyí tó kù.

Nígbà tí wọ́n ń kówó fún Àpínkẹ́, ẹgbẹ̀rún kan já bọ́ sílẹ̀. Muslimah fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú un bí ìṣe rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú.

"Ó pé," Àpínkẹ́ wí.

Abdulmojeed mí kanlẹ̀, ó sì lọ ṣíná sí ọkọ̀.