Máàkì Màmá Rina

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Padua, nílẹ̀ Ítálì, ẹ̀sùn tí wọ́n kọ́kọ́ fi kàn mí ni pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe ti pọ̀ jù. Bí ìyá kan bá fẹ́ mú sálúbàtà wọn nílẹ̀, mo ti sáré mú un. Bí bàbá kan bá nawọ́ sí ife omi, mo ti gbé e dé ẹnu wọn. Giulia fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òun ni fisioterapista wa, ẹni tó ń kọ́ àwọn arúgbó bí wọn yóò ṣe tún lo apá àti ẹsẹ̀ wọn.

"Ṣẹ̀rífá, fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n ṣe é fúnra wọn."

"Kí n wá dúró máa wò wọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Iṣẹ́ rẹ nìyẹn."

Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n inú mi ò gbà á. Ní Ìwó tí wọ́n ti tọ́ mi, bí ọmọdé bá jókòó tí àgbà ń bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀, ìyá ọmọ náà ni wọ́n máa bú.

OSS ni wọ́n ń pe irú wa. Àwa là ń wẹ àwọn arúgbó, tí à ń wọṣọ fún wọn, tí à ń fún wọn lóúnjẹ. Ọmọ mi Àmínà ò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà náà. Láàárọ̀ mo máa ń fi í sílẹ̀ ní nido, ilé ìtọ́jú ọmọdé, kí n tó wọ bọ́ọ̀sì, ẹkún rẹ̀ á sì bá mi dé ibi iṣẹ́ nínú etí mi. Bóyá ohun tó jẹ́ kí ara mi máa yá sí àwọn ìyá wọ̀nyẹn jù nìyẹn.

Nígbà tí òtútù dé, àwọn ọ̀gá ra ẹ̀rọ géèmù ijó kan sí yàrá ńlá, irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré nílé. Kò sí wáyà, ẹ ò sì ní di nǹkan kan mú. Kámẹ́rà kan wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń wo ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀. Ẹ gbé apá, àwòrán inú tẹlifíṣọ̀n náà gbé apá. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣe é dáadáa, ẹ̀rọ á dún, "Tin!", á fún yín ní máàkì. Giulia sọ ọ́ di ìtọ́jú. Ó kọ orúkọ arúgbó kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, tó bá di òpin ọ̀sẹ̀ á wo máàkì wọn.

Ẹni tí máàkì yìí kàn jù ni Signora Rina, tí èmi ń pè ní Màmá. Wọ́n ti ṣubú, eegun ìbàdí wọn kán, wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Ilé wọn ṣì wà nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ológbò wọn wà lọ́dọ̀ aládùúgbò. Dókítà ní bí wọ́n bá lè dìde lórí àga lẹ́ẹ̀marùn-ún láìsí ẹni tó dì wọ́n mú, wọ́n lè padà sílé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ wọn ọkùnrin tó wà ní Genova á ta ilé náà, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n á wà títí ayé wọn.

Ṣùgbọ́n Màmá kórìíra géèmù náà. Ijó ọ̀bọ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á jókòó, wọ́n á fọwọ́ pa orúnkún. "Seri, ó ń dùn mí. Ìwọ bá mi ṣe é."

Mo bá wọn ṣe é. Mo dúró síwájú àga wọn, mò ń bẹ̀rẹ̀, mò ń dìde, èmi ni kámẹ́rà ń wò, orúkọ Rina ni máàkì ń lọ sí. Tin! Tin! Màmá á máa pàtẹ́wọ́ fún mi. Oore ni mo pè é.

Lọ́jọ́ kan Giulia wọlé tayọ̀tayọ̀. "O rí máàkì Rina? Mo ti sọ fún dókítà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ó ń bọ̀ wá yẹ̀ wọ́n wò."

Mo rí Màmá lọ́kàn mi, àwọn nìkan, nílẹ̀ ilé ìdáná wọn, ológbò ń yí wọn ká. Lọ́sàn-án mo lọ bá Giulia.

"Èmi ni mo gba máàkì yẹn."

"Báwo?"

"Èmi ni mò ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń dùn wọ́n, n ò lè máa wò wọ́n níran."

Kò pariwo. Ó ní, "Ṣẹ̀rífá, ẹsẹ̀ wọn lo gbà lọ́wọ́ wọn yẹn." Ó pa gbogbo máàkì náà rẹ́. "Ìwọ fúnra rẹ ni kó o lọ sọ fún wọn."

Màmá ti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ ti wà ní títàn, wọ́n ń retí kí n wá jó. N ò mọ ìgbà tí orúnkún mi méjèèjì kanlẹ̀, bí a ṣe ń bẹ àgbà nílé wa.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti ṣẹ̀ yín. Giulia ti pa máàkì tí mo gbà fún yín rẹ́."

"Kí lò ń ṣe nílẹ̀? Dìde! Ṣé ère Màríà Wúńdíá ni mí ni?"

N ò dìde. Ẹni tí wọn ò tíì dárí jì, kí ló fẹ́ dìde ṣe?

"Dìde, ọmọ yìí! Àwọn èèyàn ń wò wá!" Wọ́n nawọ́ sí mi, ọwọ́ wọn ò tó mi. Ni wọ́n bá fi ọwọ́ méjèèjì ti apá àga, wọ́n dìde dúró láti fà mí sókè.

Tin!

Àwa méjèèjì yíjú sí tẹlifíṣọ̀n. Máàkì kan ṣoṣo ló wà níwájú orúkọ Rina.

"Ta ló ni ìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn níwájú ẹ̀rọ, n kì í dìde àfi bí wọ́n bá wá fà mí. Wọ́n á bú mi dáadáa, wọ́n á sì dìde. Ẹ̀ẹ̀kan di ẹ̀ẹ̀mejì, ó di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. N ò tíì ṣe iṣẹ́ tó le tó ìyẹn rí: kí n máa wo ọwọ́ àgbà tó ń gbọ̀n lórí apá àga, kí n má sì dì í mú. Ẹ̀yìn mi ni mo máa ń ká ọwọ́ tèmi sí.

Lọ́jọ́ tí dókítà dé, Màmá dìde lẹ́ẹ̀mẹ́rin, wọ́n jókòó, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ó tó. Mi ò lè ṣe é mọ́." Dókítà mú bírò rẹ̀. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà, mo kó aṣọ ìbùsùn dání. Mo kó o sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, níbi tí ọwọ́ wọn ò ti lè tó mi láéláé.

"Màmá, ẹ kúuṣẹ́."

"Ah, Seri! O tún ti bẹ̀rẹ̀?" Wọ́n ti apá àga, wọ́n dìde.

"Kí ni ìyẹn ń ṣe nílẹ̀?" ni dókítà bi Giulia.

"Ó ń kí wọn ni."

Màmá padà sílé, sọ́dọ̀ ológbò wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ láti wọ bàtà fún Àmínà kí bọ́ọ̀sì má bàa fi wá sílẹ̀. Ó ti ọwọ́ mi kúrò. "Faccio io, mamma." Òun ló máa wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ òsì sínú ti ọ̀tún, ó yọ ọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Mo jókòó tì í, mo ká ọwọ́ mi sẹ́yìn. Bọ́ọ̀sì lọ.