Pọ́ǹpù Alhájà Kò Jẹ̀bi

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọmọkùnrin tó ta káàdì kọ̀ǹpútà fún mi bi mí, irọ́ ni mo sì fi dá a lóhùn. Ó ní, "Páwà pákì tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín, wáàtì mélòó ni?" Mi ò mọ̀. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí èèyàn mọ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù kún, àwọn tó dúró lẹ́yìn mi ń wò mí lẹ́nu, mo bá ní, "Ó tóbi dáadáa."

"Ó tóbi bíi ti kí ni? Àbí okùn lo fi wọ̀n ọ́n?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rín in. Mo ní kó bá mi di ọjà mi, mo jáde sí Táíwò Road, mo sì wọ kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Adéwọlé. Ká ní mo sọ pé "mi ò mọ̀" lọ́jọ́ náà ni, ẹ̀rín díẹ̀ ni wọn ì bá tún fi mí rín, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán síbẹ̀.

Fídíò ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe. Wòlímọ̀ àwọn tó ka Kùránì tán, ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ibikíbi tí wọ́n bá ti pè wá. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń di kámẹ́rà mú, èmi ni mo ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí mo ń gé fídíò, tí mo ń tò ó. Mi ò parí sẹ́kọ́ńdìrì. Nígbà tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀, tí gbogbo ilé ń wò mí bí ẹrù tí kò ní olúwa, òun ló ní kí n wá bá òun, òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, "ìwọ" là ń pe ara wa, ṣùgbọ́n mo máa ń fẹ́ kó rí mi bí ẹni tó mọ nǹkan kan.

Bọ́ìsì kọ́tà tó wà lẹ́yìn ilé Alhájà là ń gbé. Alhájà ni onílé wa, ìyá àgbà ni wọ́n, ọkọ wọn ti kú. Mítà kan náà ni ilé wọn àti yàrá wa ń lò.

Kọ̀ǹpútà wa ti dàgbà. Ọ́fíìsì kan ló tà á dànù kó tó bọ́ sọ́wọ́ wa. Nígbà tí kámẹ́rà wa ṣì jẹ́ ti àtijọ́, àwọn méjèèjì ń bá ara wọn lọ. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ra kámẹ́rà tuntun ni wàhálà dé, nítorí fídíò rẹ̀ mọ́ rekete, ó sì wúwo. Tí mo bá gé e tán, tí mo ní kí kọ̀ǹpútà so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan, á bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ á ṣú bá a níbẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Èmi ni mo gbọ́ nípa gíráfíìsì káàdì, pátákó pẹlẹbẹ kan tó ní fáànù lára, tí wọ́n ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà kó lè máa bá a ru ẹrù àwòrán. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ da ẹ̀gbọ́n mi láàmú títí ó fi gbà.

Ó ní, "Ọwọ́ ẹ ni mo fi lé o."

Nígbà tí mo tú kọ̀ǹpútà, mo rí i pé ẹnu wáyà kan wà létí káàdì náà tí páwà pákì wa ò ní irú ẹ̀. Páwà pákì ni àpótí irin tó ń pín iná fún gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ó yẹ kí ìyẹn ti là mí lójú. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ra wáyà àsopọ̀ kan, mo fi fa iná láti ibi tí wọ́n ṣe fún nǹkan mìíràn. Ó wọlé. Lójú tèmi nígbà yẹn, ohun tó bá ti wọlé ti bá a mu nìyẹn.

A tàn án. Fáànù ń yí, ojú mónítọ̀ dúdú. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́yìn mi. Mo yọ káàdì, mo tún un kì bọ̀ ọ́. Mo yọ mẹ́mórì, mo fi rọ́bà ìparẹ́ nu ẹnu rẹ̀. Dúdú náà ni. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé ojúhò àtijọ́ ni mo ṣì ki wáyà mónítọ̀ bọ̀, kì í ṣe ara káàdì tuntun. Mo pààrọ̀ rẹ̀, àwòrán yọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Alihamudulilahi." Ó fọwọ́ gbá mi lórí. "Injiníà."

Iṣẹ́ tí a kọ́kọ́ gbé lé e ni wòlímọ̀ ìyàwó kan tí àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ kí fídíò náà wà nílẹ̀ kó tó lọ sílé ọkọ. Mo ní kó so ó pọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹran tí wọ́n tú lókùn. Inú wa dùn. Kò pẹ́, kọ̀ǹpútà kú fin-ín. Gílóòbù yàrá ṣì ń tàn, ó kàn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ ni. Níta, pọ́ǹpù Alhájà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ariwo rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wo ojú fèrèsé. "Wọ́n ti tan nǹkan yẹn."

Inú kànga tó wà láàárín ọgbà ni pọ́ǹpù náà ti ń fa omi lọ sí tápù kan tí Alhájà ṣe sí ara ògiri lóde, kí ẹni tó ń kọjá lè bu mu, kó sì fi ṣe àlùwàlá. Sàráà ọkọ wọn ni. Wọ́n ní bí omi yẹn bá ṣe ń ṣàn, bẹ́ẹ̀ ni láádá rẹ̀ ń bá bàbá náà nínú sàréè. Táńkì wọn ti là, nítorí náà bí pọ́ǹpù bá ti dákẹ́, tápù ti gbẹ nìyẹn. Tí Alásàárì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tí iná sì wà, Alhájà á tàn án. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ á páàkì, àwọn tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí á tò pẹ̀lú bútà lọ́wọ́.

Lóòótọ́, iná máa ń rẹ̀ tí pọ́ǹpù bá gbéra. Níbi tí iná ti ń ba fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n jẹ́ lójoojúmọ́, kò sí ẹjọ́ tó rọrùn láti dá bíi ti iná. Kọ̀ǹpútà tún kú lọ́jọ́ kejì, ó tún kú lẹ́yìn ìyẹn. Mo gbọn eruku rẹ̀, mo pààrọ̀ wáyà, mo yọ sọ́fítíwìà káàdì náà kúrò, mo sì tún un gbé sí i. Ó ń kú náà ni. Ìgbà mìíràn pọ́ǹpù ń dún, ìgbà mìíràn kò dún. Ṣùgbọ́n ìgbà tó bá dún nìkan là ń rántí.

Ẹ̀gbọ́n mi bá lọ bá Alhájà. Mo tẹ̀ lé e. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.

"Alhájà, pọ́ǹpù yín ń ba iṣẹ́ wa jẹ́."

"Pọ́ǹpù? Kí ló kan pọ́ǹpù níbẹ̀, ọmọ mi?"

"Tí ẹ bá ti tàn án, kọ̀ǹpútà á kú. Iṣẹ́ oníṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n." Ó nawọ́ sí mi.

Wọ́n yíjú sí mi. "Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ mi?" Ọkọ mi ni wọ́n máa ń pè mí tí wọ́n bá fẹ́ bá mi ṣeré.

Mo ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Mi ò mọ̀ rárá. Ẹ má bínú. Tí ẹ bá ti ń ṣiṣẹ́, mi ò ní tàn án."

Ọjọ́ gbogbo là ń ṣiṣẹ́. Tápù ara ògiri bá gbẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo ń wọlé, oníkẹ̀kẹ́ kan ń yí orí tápù náà síwá sẹ́yìn.

"Onífídíò, wọ́n ní kọ̀ǹpútà yín ò fẹ́ gbọ́ ariwo omi."

Èkejì rẹ̀ ní, "Fi í sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà ló máa ṣe àlùwàlá fún wa."

"Kó kúkú bá wa kírun náà."

Mo rẹ́rìn-ín, irú èyí tí mo rín ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó dojú bútà rẹ̀ kọlẹ̀, ó rí i pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ó sì rọra ń lọ.

Gbogbo ìgbà náà, gígé fídíò nìkan ni mo ń ṣe, mi ò tíì tún ní kí kọ̀ǹpútà so ó pọ̀. Àárín ìgbà náà ni Alhájà lọ sí ìsọmọlórúkọ lágboolé wọn nínú ìlú. Wọ́n ti ilé, pọ́ǹpù wà ní pípa. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé kámẹ́rà jáde. Èmi nìkan ni mo wà nínú ọgbà. Mo ní kí kọ̀ǹpútà so fídíò pọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sáré, ó kú. Mo tẹ́tí. Kò sí ohun tó ń dún níta.

Mo tú u. Lọ́tẹ̀ yìí mo yọ páwà pákì fúnra rẹ̀, ohun tí mi ò ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti kọ agbára rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, apá inú ni wọ́n kọjú ìwé náà sí. Mo gbé páálí káàdì sún mọ́ ọn, mo ń wo èyí, mo ń wo ìyẹn. Ohun tí káàdì ń bèèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí páwà pákì lè gbé. Tí kò bá sí iṣẹ́ ńlá, wọ́n á jọ máa fara dà á. Tí fídíò bá ti wúwo, páwà pákì á juwọ́ sílẹ̀. Kò sí ọwọ́ pọ́ǹpù níbẹ̀ rárá. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn síkúrù.

Mo pinnu pé màá sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi bi mí pé, "Kí ló dé tó o tú u sílẹ̀?"

"Páwà pákì ni. Kò lágbára tó."

"Kò lè ṣe kó má rẹ̀ ẹ́. Gbogbo bí pọ́ǹpù yẹn ṣe ń gbá a láti ọjọ́ yìí." Ó mí kanlẹ̀. "Mo tiẹ̀ ti ń rò ó pé káàdì tó o rà ni ò dáa. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ ẹ."

Gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Mo ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

A ra páwà pákì tó tóbi. Láti ọjọ́ náà, kọ̀ǹpútà kò kú mọ́. A parí wòlímọ̀ ìyàwó náà, ẹ̀gbọ́n mi sì sọ fún Alhájà níbi tí wọ́n ti ń kí ara wọn pé pọ́ǹpù ti jẹ páwà pákì wa, pé a ti ra òmíràn.

Lọ́jọ́ kejì, Alhájà pè mí. "Ọkọ mi, wá bá mi gbé nǹkan kan."

Mo wọ pálọ̀ wọn. Wọ́n ti yọ sìtẹ́bíláísà tó ń mú kí iná dúró déédéé kúrò lẹ́yìn fíríìjì, wọ́n ti fi àkísà nù ún. Mo gbé e ká àyà, ó wúwo.

"Ibo ni kí n gbé e sí, mà?"

"Yàrá yín."

Mo dúró. "Alhájà, fíríìjì yín ńkọ́?"

"Fíríìjì wo? Omi tútù ń ro mí léyín. Pọ́ǹpù mi ló ba nǹkan yín jẹ́. Baálé mi ò ní fẹ́ kí sàráà òun pa ẹnikẹ́ni lára. Máa gbé e lọ."

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Àwa méjì péré ni. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ ṣé, mà. Ọlọ́hun á san án fún yín." Mo gbé e la ọgbà kọjá, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣàdúrà tẹ̀ lé mi lẹ́yìn.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó yá. Oúnjẹ là ń jẹ. Òkèlè dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"O ti mọ̀ láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n lọ sí ìsọmọlórúkọ."

"O wá ń wò mí, mo ń sọ ìsọkúsọ sí ìyá àgbà." Ó fọwọ́. Ó ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ojú wo la fẹ́ fi wò wọ́n báyìí? Fi í sílẹ̀. Wọ́n ti gbàgbé."

Wọn ò gbàgbé. Omi ti padà sí tápù, nítorí a ti sọ fún wọn pé páwà pákì tuntun lágbára. Ṣùgbọ́n títí di òní, Alhájà kì í tan pọ́ǹpù láìkọ́kọ́ bi wá. Orúnkún wọn ń dùn wọ́n. Wọ́n á di ògiri mú, wọ́n á rìn yí kànga ká dé ojú fèrèsé wa: "Ọkọ mi, ṣé kí n tàn án?" Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má bi wá mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí àwọn tún ba òmíràn jẹ́ ni. Mo ti gbé sìtẹ́bíláísà padà fún wọn rí. Wọ́n ní ohun tí èèyàn bá fi tọrọ ìforíjì, kì í gbà á padà. Aṣọ ni wọ́n ń kó sínú fíríìjì báyìí, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n láti tàn án láìsí sìtẹ́bíláísà.

Mo lè sọ pé ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n fi í sílẹ̀. Ẹnu mi ni mo fi ní "ó jọ bẹ́ẹ̀" fún wọn, kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo jẹ Alhájà, pé pọ́ǹpù yín ò ṣe nǹkan kan, èmi ni. Mo ti tò ó lọ́kàn títí, mo mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Lónìí náà wọ́n wá. Wọ́n gbọ́wọ́ lé fèrèsé, wọ́n sinmi díẹ̀ kí wọ́n tó bi mí. Mo rí àwọn tó gbé bútà lẹ́yìn géètì, wọ́n ń wò mí lẹ́nu.

Mo ní, "Ẹ tàn án, mà."