Káàdì Inú Apá Aṣọ

Télọ̀ ni màmá mi, wọn kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Tí mo bá kí wọn káàárọ̀, wọ́n á bi mí pé kí ni mo fẹ́ gbà. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá kí mi lókè òkun, wọ́n rán káàdì báńkì wọn mọ́ inú apá aṣọ. Mo ní kí n bá wọn ṣẹ́ owó ìlú yìí, wọ́n ní kí n gbẹ́nu mi dákẹ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti lọ ra òwú, wọ́n nawọ́ sí ẹ̀rọ ìsanwó tí èèyàn kàn ń fi káàdì kàn.

"Kí ni eléyìí ń tanná sí mi fún?"

Apá aṣọ wọn fara kan ẹ̀rọ náà, ó dún píì. Ọmọbìnrin tó ń tajà ní owó ti wọlé.

Màmá mi wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n wá rọra gbé apá aṣọ náà sójú, wọ́n sọ fún un pé:

"Àṣé ìwọ náà wà lára wọn."