Ìyá Aaliyah, Ẹni Tí Omi Sàráà Dè Mọ́lé

Àtọ́kẹ́ ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni mí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sì ni wọ́n, ẹnu mi kò gbọdọ̀ dárúkọ yẹn. Ìyá Aaliyah ni mò ń pè wọ́n. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì ní fi bò.

Nígbà tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Gánà lọ́dún 1969, ọmọ ọdún mẹ́fà ni Ìyá Aaliyah. Ìyá bàbá wọn kú lójú ọ̀nà, omi ló sì ń bèèrè kó tó dákẹ́. Nígbà tí Bàbá Ọlábọ̀dé, bàbá wọn, wá ra ilẹ̀ sí àdúgbò N'Gattakro ní ìlú Bouaké níbí, kànga ni Bàbá kọ́kọ́ gbẹ́ kó tó mọ ògiri kankan. Bàbá pe àwọn alfa, ó fi omi náà ṣe sàráà fún ìyá rẹ̀: ẹnikẹ́ni kò ní sanwó, a kò ní ti ìdérí rẹ̀ pa, a kò sì ní lé ẹnikẹ́ni padà. Kànga Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ẹ̀yà Baulé o, ẹ̀yà Jùlá o. Nígbà tí Bàbá fẹ́ kú, ó ki okùn kànga bọ Ìyá Aaliyah lọ́wọ́, ó ní ọmọ bíbí inú òun ni kó máa dúró tì í. Ìyá Aaliyah ní àwọn gbọ́.

Bàbá kò mọ̀ pé N'Gattakro yóò kún tó báyìí. Ibi tó jẹ́ oko kajú tẹ́lẹ̀, ilé alájà ló wà níbẹ̀. Olúkúlùkù ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tirẹ̀, fọráàsì là ń pè é níbí; Hamed tó wà lẹ́yìn ògiri wa nìkan gbẹ́ méjì. Omi tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í sá wọlẹ̀, a ń so okùn mọ́ okùn. Ó wá dé ibi pé bí ilẹ̀ bá mọ́, nǹkan bí ogójì péèlì ló máa ń sun jọ. Tó bá ti tán, ó di ọjọ́ kejì. Bí Ìyá Aaliyah kò bá dúró pín in, àwọn obìnrin á fi péèlì la ara wọn lórí. Ojú mi ló ṣe.

Bẹ́ẹ̀, Marabadiassa, ìlú mìíràn, ni ọkọ wọn wà. Bàbá Aaliyah lọ ṣòwò iṣu níbẹ̀, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n ní kí ìyàwó wá bá àwọn. Ọdún mọ́kànlá nìyẹn, kànga ò jẹ́ kí wọ́n lọ. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àrùn rọpárọsẹ̀ mú Bàbá Aaliyah lápá kan, aládùúgbò ló ń gbé oúnjẹ fún wọn. Ìyá Aaliyah lọ tọ́jú wọn fún ọjọ́ méjì péré, orí tó fọ́ àti okùn tó já ni wọ́n padà wá bá.

Mo ní, "Ìyá Aaliyah, ẹ gbé okùn yìí fún mi, kí n máa pín in."

"Màríàm, ìyàwó ni ẹ́. Ọmọ bíbí inú òun ni Bàbá wí."

"Ṣé Ràhmán ọkọ mi kì í ṣe ọmọ ni?"

Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ràhmán tó ń lo ọ̀sẹ̀ kan nílé, tó ń lo mẹ́ta l'Abidjan nídìí aṣọ títà.

Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, kànga gbẹ. Péèlì lọ, ẹrẹ̀ ló gbé bọ̀. Tàjúdínì agbẹ́kànga wọ inú rẹ̀ lọ, ó ní àpáta nìkan ló kù. Ìyá Aaliyah jókòó létí kànga, wọ́n sunkún. Nígbà tó yá, wọ́n nu ojú, wọ́n ní, "Sàráà Bàbá ti parí. Mi ò lé ẹnikẹ́ni." Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n di ẹrù. Mo gbọ́ tí wọ́n ń dá orin kọ. Wọ́n pe Bàbá Aaliyah pé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta làwọn ń bọ̀, àwọn ò sì ní padà mọ́. Inú mi dùn dọ́ba.

Èmi náà ni mo lọ sọ fún Ràhmán lórí fóònù, ẹnu mi yìí. Ràhmán ní sàráà bàbá òun kò ní kú lójú òun. Lọ́jọ́bọ̀, òun àti ẹ̀rọ ńlá kan dé, ẹ̀rọ náà lu àpáta já, omi tú jáde, ó mọ́ gaara. Nígbà tí yóò fi di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, afẹ́fẹ́ ni fọráàsì Hamed ń fà. Omi kan náà ni gbogbo wa ń mu nísàlẹ̀, tiwa ló kàn jìn jù. Hamed àti àwọn ayálégbé rẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì wá sọ́dọ̀ wa. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ti kìlọ̀: kí a máa fa omi fún wákàtí méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́, kí ẹnì kan ṣoṣo máa mú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á tún gbẹ.

Lẹ́yìn Jímọ̀, àwọn alfa ya ilé wa. Ràhmán fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ lójú gbogbo èrò. Alfa gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ wọn kúrò nídìí omi yìí títí ọjọ́ alẹ́ wọn. Gbogbo èèyàn ṣe àmín. Mo wo ẹnu Ìyá Aaliyah. Àwọn náà ṣe é. Ta ni kò ní ṣe àmín sí àdúrà alfa láàárín èrò? Èmi pàápàá ṣe é, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe ń pín omi lọ́wọ́, Bàbá Aaliyah pè. Omi wà lọ́wọ́ Ìyá Aaliyah, èmi ni mo bá wọn di fóònù mú sétí, mo sì ń gbọ́ ohùn náà, ó ń fà.

"Wọ́n ní omi ti dé?"

"Ó ti dé, Bàbá Aaliyah."

"Alhamdulillahi. Mo ti ní kí wọ́n bá mi gbá yàrá. Ta ni yóò wá máa pọnmi fún èmi báyìí?"

Kẹ́ẹ̀gì ìyàwó Hamed ti kún, omi ń ṣàn dànù. Ìyá Aaliyah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbé e kúrò, wọ́n sì gbé ti ẹni tó kàn síbẹ̀.